Àlọ́ Agogo Méjìlá Ọ̀sán

Ọwọ́ ara mi ni mo fi tẹ̀ ẹ́. N ò lè ti ẹ̀bi rẹ̀ sí ẹlòmíràn lọ́rùn. Mo jókòó ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé inú ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé wa ní Ìsọlọ̀, mo ń fi ìka méjì péré tẹ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó ń dún tá-tá-tá bí ẹni ń pa ẹ̀pà: "Agogo méjìlá ọ̀sán: Àlọ́, láti ẹnu Ìyá Ọlọ́ṣẹ." Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀gá ilé-ìwé kà á, ó ní kò sí àṣìṣe. Ọ̀gá ìpolówó ilé iṣẹ́ tó ń ṣe onígbọ̀wọ́ wa kà á, ó buwọ́ lù ú. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọmọ Yorùbá ni wá, àlọ́ ni wọ́n fi tọ́ wa dàgbà, kò sì sí ẹni tí ojú rẹ̀ rí ohun tó wà níwájú rẹ̀ gedegbe.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n sáré jù. Ìrìn tí mo rìn dé ibẹ̀ gùn díẹ̀, ẹ jẹ́ ká fẹsẹ̀ ara wa rìn ín.

Nígbà tí mò ń wí yìí, owó epo rọ̀bì ti ń wọ Èkó bí omi òjò ṣe ń wọ ọ̀gọ̀dọ̀. Ilé iṣẹ́ ń hù ní Ìsọlọ̀ bí olú. Ibi tí ẹ bá ti já ewé ẹ̀fọ́ lọ́dún yìí, tó bá fi máa di àmọ́dún, ògiri bíríkì á ti dúró síbẹ̀, èéfín á ti máa jáde lórí rẹ̀. Ọkọ̀ ẹrù ń ti Àpápá gba Òṣòdì wá, tọ̀sán-tòru, ilẹ̀ yàrá wa a sì máa gbọ̀n. Àwọn ọmọkùnrin tó ń ṣe ṣíìfù ń ra rédíò, wọ́n ń ra bàtà gíga tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ga ju orúnkún ọmọdé lọ. Owó wà. Ìwé ni ò sí.

Tíṣà ni mí nígbà náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkìtì dé ni. Ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí gbogbo ọmọ máa lọ sílé-ìwé lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì wá lóòótọ́. Ọmọ mẹ́rin ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọmọ méjì. Ìwé ìtàn tí a ní, yàtọ̀ sí ti kíláàsì, inú páálí mẹ́ta ló wà lábẹ́ tábìlì ọ̀gá ilé-ìwé. Tí òjò bá rọ̀, a ó gbé wọn sórí tábìlì. Tí ọ̀gá bá fẹ́ kọ̀wé, a ó tún gbé wọn sílẹ̀. Ikán a sì máa bá wọn nílẹ̀. Ikán wa nígbà náà gbọ́n: ẹ̀yìn ìwé ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Ọmọ á ka ìtàn, á kà á títí tí ọkàn rẹ̀ á fi so rọ̀, ibẹ̀ ni ìwé á ti tán. Á wá bá mi.

"Àǹtí, ṣé ó padà rí ọmọ ẹ̀?"

Èmi náà ò mọ̀. Màá hùmọ̀ òpin kan fún un, kí ó lè sùn. Nígbà tó pẹ́, mo ti hùmọ̀ òpin tó bẹ́ẹ̀ tí n kì í rántí èyí tí mo sọ fún ta ni mọ́. Ohun tí mo ń fẹ́ láyé nígbà náà, tí wọ́n bá ní kí n fẹnu ara mi sọ ọ́, yàrá ìkàwé ni. Yàrá kan ṣoṣo, tí ìwé á máa dúró lóòró lórí pẹpẹ bí èèyàn gidi.

Ilé iṣẹ́ kan wà lẹ́yìn ọgbà wa tó ń ṣe abọ́ onírin tí wọ́n ń fi ọ̀dà funfun sun nínú iná, èyí tí gbogbo wa ń pè ní tánganran. Ọ̀gá ìpolówó wọn, ọmọ Oǹdó kan tí kì í bọ́ kóòtù bí oòrùn ṣe wù kó mú tó, wá bá wa lọ́jọ́ kan. Ó ní àwọn ilé iṣẹ́ yòókù ń ṣe onígbọ̀wọ́ bọ́ọ̀lù, gbogbo wọn ń fún èèyàn ní ife, ife ti sú gbogbo ayé.

"Àwa fẹ́ ṣe nǹkan tí ojú ò tíì rí ní àdúgbò yìí," ó ní. "Àjọ̀dún ìwé. Àwọn òǹkọ̀wé á wá ka ìwé wọn, akéwì á kéwì, àlejò á wo ilé iṣẹ́ wa, wọn á sì rí nǹkan fọwọ́ ara wọn ṣe. Ẹ gbà wá lálejò, a ó kọ́ yàrá ìkàwé kan fún yín."

Ọ̀gá ilé-ìwé wa dìde, ó tún jókòó. Èmi ò tilẹ̀ lè jókòó.

"Ṣùgbọ́n o," ọmọ Oǹdó náà fi kún un, "ọ̀gá àgbà wa ń bọ̀ fúnra wọn láti Àpápá. Èèyàn líle ni wọ́n. Ìwé ètò tí a bá tẹ̀, òun ni wọ́n máa mú lọ́wọ́, wọ́n á máa wo aago. Tí ohun gbogbo bá lọ bó ṣe wà níbẹ̀, ẹ ti ní yàrá. Tí nǹkan kan bá yẹ̀, ilé-ìwé kan wà ní Òṣòdì tí wọ́n ti ń bẹ̀ wá tipẹ́."

Bí a ṣe jókòó ṣètò nìyẹn. Òun ló ní kí a fi àlọ́ sí agogo méjìlá, torí fèrè ìsinmi ọ̀sán máa ń dún nígbà yẹn, gbogbo òṣìṣẹ́ á lè jáde wá, èrò á pọ̀ lójú ọ̀gá àgbà. Èmi ni mo dárúkọ Ìyá Ọlọ́ṣẹ.

Obìnrin kan ni, ọmọ ìlú kan lápá Ọ̀yọ́, tó ń ta ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ tánganran náà. Àwọn òṣìṣẹ́ tó bá ti jáde níbi iná ìléru, tí eruku funfun bo irun ojú wọn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń yà sí kí wọ́n tó wẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tó bá ti kírun Mọ̀gàríbà tán, tí wọ́n bá ń dúró de ọkọ̀, á máa pàlọ́ fún wọn. Mo ti rí ọkùnrin onírùngbọ̀n tó jẹ́ kí ọkọ̀ mẹ́ta kọjá lọ torí pé àlọ́ ò tíì parí. Ẹ ṣàkíyèsí ohun tí mo wí: lẹ́yìn Mọ̀gàríbà. Èmi ò ṣàkíyèsí rẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀, nígbà tí a ti tẹ ìwé ètò tán, tí wọ́n ti pín in dé Òṣòdì, mo mú ẹyọ kan lọ fún un. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo kà á fún un, inú mi ń dùn.

"Tún un kà," ó ní.

Mo tún un kà.

"Méjìlá òru?"

"Ọ̀sán, mà."

Ó ń fi ewé di ọṣẹ kan lọ́wọ́. Ó dì í tán, ó gbé e sílẹ̀. "Tíṣà, ìyá rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n wà nílé, mà. Ara wọ́n le."

"Ìyá tèmi náà wà. Ojú wọn ti lọ, ṣùgbọ́n tí mo bá dé ẹnu ọ̀nà, tí mo kàn wúkọ́, wọ́n á pè mí lórúkọ." Ó wò mí. "O wá fẹ́ kí n tìtorí abọ́ pa wọ́n?"

A kì í pàlọ́ lọ́sàn-án. Ta ni ò mọ̀ ọ́n? Ẹni tó bá pa á, ìyá rẹ̀ ló máa pàdánù. Ìyá mi ti fi ọ̀rọ̀ yìí lé mi kúrò lẹ́yìn òun nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mo bá ń yọ ọ́ lẹ́nu níbi tó ti ń gún iyán. Báwo ni mo ṣe gbàgbé? Mo ti rò ó lọ, rò ó bọ̀, látìgbà náà. Inú ìwé ni mo ti ń bá àlọ́ pàdé, agogo mẹ́wàá àárọ̀, nínú kíláàsì, pẹ̀lú ẹfun lọ́wọ́. Àlọ́ inú ìwé ò mọ ọ̀sán, kò mọ òru. Mo ti ń kà á fún ìgbà pípẹ́ tí mo fi rò pé ti ẹnu náà bẹ́ẹ̀ ni.

"Kí wọ́n wá kà á látinú ìwé," ni ọ̀gá ilé-ìwé wí nígbà tí mo sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Ìyá Ọlọ́ṣẹ kò mọ̀wé, sà. Orúkọ wọn ló sì wà nínú ìwé ètò."

Ó fọwọ́ nu ojú rẹ̀. "Ẹ wá ẹni tí ìyá rẹ̀ ti kú. A ó sọ fún ọ̀gá àgbà pé ẹni yẹn ló wá dúró fún Ìyá Ọlọ́ṣẹ. Ó ṣá jẹ́ àlọ́."

Ẹ ò lè mọ bó ti nira tó láti lọ máa bi àgbàlagbà léèrè láti ilé dé ilé pé ṣé ìyá yín ti kú. Àwọn kan rò pé mo fẹ́ gba owó ìsìnkú ni. Lọ́jọ́ Ẹtì ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí bàbá kan ní Òṣòdì, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè. Ìyá rẹ̀ ti kú tipẹ́. Ó mọ àlọ́. Ó gbà láti wá. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó nínú ọkọ̀ nígbà tí mò ń padà bọ̀. Nígbà tí mo tún padà lọ ní ìrọ̀lẹ́ láti fún un ní ìwé ètò, ìyàwó rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn.

"Àǹtí tíṣà, ẹ káàárọ̀," ó ní, ilẹ̀ sì ti ń ṣú. Mo ti mọ̀ pé nǹkan ṣe. "Ìyá tiwọn ti kú. Tèmi ńkọ́?"

"Mà?"

"Ìyá tó bí mi, tó fún wọn láya, tó tọ́jú gbogbo ọmọ márààrún fún wọn. Ìyẹn kì í ṣe ìyá? Àbí ikú máa ń bèèrè ta ló bí ta ni?"

Bàbá jókòó nínú ilé, ó ń wo òkè àjà bíi pé wọ́n kọ̀wé síbẹ̀. "Tíṣà," ó ní, "ẹ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ."

Bí ilẹ̀ ọjọ́ àjọ̀dún ṣe mọ́ bá mi nìyẹn, láìní apàlọ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wá ká wo ọjọ́ náà ná. Àtíbàbà funfun gba gbogbo pápá. Aṣọ ìpolówó gígùn kan, tó ní orúkọ ilé iṣẹ́ tánganran lára ní lẹ́tà pupa, ń fẹ́ lẹ̀lẹ̀ lẹ́nu géètì. Mínírà tutù nínú yìnyín. Àwọn ọmọ Òṣòdì dé tìlù-tìfèrè. Àwọn onísọ́ọ̀ṣì wá, àwọn onímọ́sálásí wá, àwọn awakọ̀ ẹrù dá ọkọ̀ dúró sẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n bọ́ sílẹ̀ wá wò. Ibi tí èrò pọ̀ sí jù ni tábìlì tí wọ́n ti ń kọ̀wé sára àwo. Ilé iṣẹ́ fún àlejò kọ̀ọ̀kan ní àwo funfun kékeré kan, búrọ́ọ̀ṣì àti ọ̀dà búlúù. Kí ẹ kọ òwe tó bá wù yín sí i, tàbí ìlà ewì kan, wọ́n á gbé e wọ iná ìléru, kó tó di ìrọ̀lẹ́ ẹ ó gbé e lọ sílé, kò ní parẹ́ láéláé. Mo rí bàbá kan tí kò kọ̀wé rí, tó bẹ ọmọ rẹ̀ pé kó di òun lọ́wọ́ mú, wọ́n jọ kọ oríkì ìyàwó rẹ̀. Mo rí awakọ̀ kan tó kọ ọ́ gàdàgbà-gadagba: "Ẹ fi ẹran tèmi sílẹ̀."

Lábẹ́ àtíbàbà kejì, òǹkọ̀wé kan ń ka ìwé rẹ̀. Bí ó ṣe parí, ọmọ kíláàsì mi kan nawọ́.

"Sà, nínú ìwé yín kejì, ṣé òótọ́ ni pé bàbá yẹn padà wálé lórí kẹ̀kẹ́?"

Òǹkọ̀wé náà yọ awò ojú rẹ̀. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

Gbogbo ìka kíláàsì mi nà sí mi. Ilẹ̀ ò lanu. Mo ní kó má bínú, mo sọ ọ̀rọ̀ ikán fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní òun ò fún bàbá náà ní kẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n tí òun bá tún un tẹ̀, òun á fún un. Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú mi wà lára aago. Ó ti lé lágogo mẹ́wàá.

Àwo tán níbi tábìlì ìkọ̀wé, wọ́n ní kí n lọ gba sí i ní sítọ́ọ̀ ilé iṣẹ́. Mo lọ. Ilé fífẹ̀ kan ni sítọ́ọ̀ náà, páànù lórí, bíríkì yíká, kò ní fèrèsé kankan torí olè. Mo ti inú oòrùn wọ inú rẹ̀, mo sì dúró gbagidi. N ò rí nǹkan kan. Mo gbé ọwọ́ sókè iwájú ojú mi, n ò rí ọwọ́.

"Ẹ rọra dúró kí ojú yín ó mọ́ ọn lára," ohùn kan wí láti inú òkùnkùn. Olùtọ́jú sítọ́ọ̀ ni. "Iná ti lọ láti àárọ̀. Àwa tí a wà níbí, a kì í mọ ìgbà tí oòrùn bá là. Òru la máa ń wà."

"Kí lẹ wí?"

"Mo ní òru la wà níbí."

N ò gba àwo mọ́. Mo sáré. Mo fi bàtà mi ẹyọ kan sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo sáré dé ibi ìsọ̀ ọṣẹ, mo fa Ìyá Ọlọ́ṣẹ lọ́wọ́, èyí tí n ò lè dán wò lọ́jọ́ mìíràn. Mo ṣàlàyé lójú ọ̀nà, èémí ò tó mi.

Ó wọlé. Ó dúró láàárín sítọ́ọ̀. Ó gbé ojú sókè. "Oòrùn nìyẹn," ó ní. Lóòótọ́, ihò kan wà lára páànù, ìmọ́lẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń gbà á sọ̀kalẹ̀ bí okùn. Olùtọ́jú sítọ́ọ̀ gun orí àwọn abọ́ tó tò jọ, ó fi páálí dí i. Wọ́n tún fi àpò dí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn.

"Ó ti di òru báyìí, mà?" mo bi í.

"Ta ni mí tí n ó fi sọ pé òru ni?" ó dáhùn. "Ohun tó wù mí ni n ó máa sọ, ohun tó wu ìwọ náà ni wàá máa gbọ́. Ẹ bá mi wá adìyẹ."

"Adìyẹ, mà?"

"Adìyẹ ò gba owó onígbọ̀wọ́. Tó bá jẹ́ ọ̀sán ni, á máa jẹ̀. Tó bá jẹ́ òru ni, á wọ̀."

Olùtọ́jú sítọ́ọ̀ ní adìyẹ tí ń jẹ̀ káàkiri ẹ̀yìn ilé iṣẹ́. Ó lé ọ̀kan mú, àgbébọ̀ pupa kan tó ń pariwo bí ẹni tí wọ́n jà lólè. A gbé e wọlé, a tilẹ̀kùn. A dúró nínú òkùnkùn, àwa mẹ́ta, a ń tẹ́tí sí adìyẹ. Ó rìn kẹrẹ-kẹrẹ lórí sìmẹ́ńtì. Ó ṣá nǹkan jẹ, tọ̀, tọ̀. N ò ro ọ̀rọ̀ ìyá ẹnikẹ́ni mọ́, pẹpẹ ìwé ni mò ń rí lójú òkùnkùn yẹn. Ó tún ṣá nǹkan jẹ. Ó dákẹ́. A gbọ́ ìyẹ́ apá rẹ̀ fùù, ó fò lé orí páálí kan. Ó ń dún lọ́fun, krrr, krrr, bí wọ́n ṣe máa ń dún tí ilẹ̀ bá ń ṣú. Nígbà tó yá, kò dún mọ́.

Ìyá Ọlọ́ṣẹ nawọ́ sókè, ó fọwọ́ wá a, ó fọwọ́ kàn án. "Ó ti wọ̀," ó ní jẹ́ẹ́jẹ́. "Tíṣà, òru ti dé. Lọ pe àwọn èèyàn rẹ."

Ó kù díẹ̀ kí ó lu agogo méjìlá nígbà tí ọkọ̀ ọ̀gá àgbà wọlé. Ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan, ọmọ Ẹ̀gbá, awò dúdú lójú, ìwé ètò ní ọwọ́ kan, aago ní ọwọ́ kejì. Ọ̀gá ìpolówó ń sáré tẹ̀lé e. Nígbà tí mo sọ ibi tí àlọ́ máa ti wáyé, ọmọ Oǹdó náà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Nínú òkùnkùn? Àǹtí, ẹ fẹ́ lé mi níṣẹ́ ni? Aṣọ ìpolówó wa ńkọ́? Ta ló máa rí i? Ilé iṣẹ́ náwó kí ayé lè rí wọn, ẹ wá fẹ́ kó wọn sínú sítọ́ọ̀ wọn, kí ẹ tilẹ̀kùn. Ayàwòrán ńkọ́? A ti gbé e wá láti Yábàá."

"Kó wá pẹ̀lú iná rẹ̀?" Ìyá Ọlọ́ṣẹ bi í. "Iná tí ń kọ mànà yẹn? Ọ̀sán nìyẹn. Kó dúró síta."

Ọ̀gá àgbà ti gbọ́. Ó yíjú sí wa. "Kí ló dé tí kò ṣe lè wáyé ní pápá, níbi tí a ṣètò rẹ̀ sí?"

Ìyá Ọlọ́ṣẹ ló dá a lóhùn. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó tún dìde, torí kò dá a lójú ẹni tó dàgbà jù nínú àwọn méjèèjì.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú. Ṣé ìyá yín wà láyé?"

"Wọ́n wà l'Abẹ́òkúta."

"Ara wọn le?"

"A dúpẹ́."

"Tó bá jẹ́ pápá lẹ fẹ́, mo lè pa á ní pápá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ gbè é, kí ọ̀rọ̀ náà lè kan ìyá àwa méjèèjì."

Ọ̀gá àgbà wo ìwé ètò ọwọ́ rẹ̀. Mo rí i tó fi ìka tọ ìlà tí mo fọwọ́ ara mi tẹ̀, méjìlá ọ̀sán, ó dàbí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á. Ó yọ awò dúdú rẹ̀, ó fi sápò.

"Ilẹ̀kùn dà?" ó ní.

Fèrè ọ̀sán dún. Òṣìṣẹ́, àlejò, ọmọ ilé-ìwé, òǹkọ̀wé, gbogbo wa rọ́ wọlé, a jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn abọ́ tó ga dé àjà. Wọ́n gbé àga kan fún ọ̀gá àgbà. Wọ́n tan fìtílà kékeré kan síwájú Ìyá Ọlọ́ṣẹ. Wọ́n tilẹ̀kùn.

"Àlọ́ o."

"Àlọ̀," gbogbo sítọ́ọ̀ dáhùn, abọ́ sì dún lẹ́yìn wa, wìnnn, bíi pé àwọn náà gbè é.

Àlọ́ náà dá lórí odò kan tó yá igbá lọ́wọ́ ìyá arúgbó kan, tí kò dá a padà. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá rán lọ gbà á, tó bá ti dé etí odò, tó bu omi mu, á gbàgbé ohun tó bá wá. Á padà sílé, á ní omi náà tutù. Ó wá ku ìyàwó ọmọ rẹ̀, tó fi iṣẹ́ tí wọ́n rán an kọ orin, kó má baà gbàgbé. Ìyá Ọlọ́ṣẹ dá orin náà:

"Odò olómi tútù."

"Gbéere."

"Igbá ìyá ọkọ mi dà?"

"Gbéere."

"Mo mu ún, n ò gbàgbé."

"Gbéere."

Nígbà kejì tó kọ ọ́, òṣìṣẹ́ kan fi ìka kan abọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbi "gbéere." Ẹlòmíràn gbà á. Abọ́ kékeré ń dún bí agogo, bàsíà ńlá ń dún bùùn nísàlẹ̀. Àwọn tó ń ṣe é ló mọ èyí tó ń dún tinrin àti èyí tó ń dún nínípọn, wọ́n ń yàn án láàyò nínú òkùnkùn. Ohùn nínípọn kan wà níwájú tó ń gbè ju gbogbo wa lọ, "gbéere," ó ń fà á títí, kò fẹ́ kó tán. A ò mọ ẹni tó ni í. Òkùnkùn ò jẹ́ ká mọ ta ni ọ̀gá, ta ni awakọ̀.

Nígbà tí odò dá igbá padà, tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, oòrùn wọlé tọ̀ wá bí ẹni tó bínú. Adìyẹ fò sílẹ̀, ó kígbe, ó jáde. A sì rí ẹni tó ni ohùn nínípọn náà: ọ̀gá àgbà ni. Àga rẹ̀ ṣófo. Orí bàsíà tí wọ́n da ojú rẹ̀ dé ló jókòó sí, láàárín àwọn òṣìṣẹ́, kóòtù lórí itan, òógùn lójú, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára abọ́.

Ọ̀gá ìpolówó sún mọ́ ọn pẹ̀lú ìbẹ̀rù. "Sà, ní ti aṣọ ìpolówó..."

"Aṣọ wo?" ọ̀gá àgbà bi í. "O ò gbọ́ abọ́ ni?" Ó dìde, ó gbọn ṣòkòtò rẹ̀. Ó wo aago, ó wo ìwé ètò, ó fi bírò fa ìlà kan síbẹ̀. Ó wá yíjú sí Ìyá Ọlọ́ṣẹ. "Ìyá, yàrá tí a fẹ́ kọ́ yìí, ṣé ẹ máa wá pàlọ́ níbẹ̀?"

Mo dì í mú lọ́kàn: yàrá tí a fẹ́ kọ́. Ọ̀gá ilé-ìwé wa fọwọ́ gbá mi lẹ́yìn gbàà, kò sì jọ ìwà rẹ̀.

"Yàrá ìwé kò gbọ́dọ̀ ṣókùnkùn," Ìyá Ọlọ́ṣẹ dáhùn. "Ẹ fi fèrèsé ńlá sí i kí àwọn ọmọ lè ríran. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀kùn fèrèsé náà jẹ́ pákó tó ki. Kí ó ṣeé tì."

Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Nígbà tí gbogbo Èkó ń fi gíláàsì sí fèrèsé, tiwa nìkan ló ní pákó. Pẹpẹ ìwé yí i ká, ìwé dúró lórí wọn lóòró, gbogbo wọn ló ní òpin. Àwọn ọmọ ò wá bi mí ní nǹkan mọ́ fún ìgbà díẹ̀, ó sì dùn mí díẹ̀, n ò ní purọ́. Nínú kàlẹ́ńdà ilé iṣẹ́ náà lọ́dún tó tẹ̀lé e, fọ́tò àjọ̀dún tí wọ́n fi síbẹ̀ ni ilẹ̀kùn sítọ́ọ̀ tí wọ́n tì pa, àti bàtà mi ẹyọ kan lẹ́nu ọ̀nà. Òun nìkan ni ayàwòrán rí yà. Ẹni tí kò sí nínú ilé lọ́jọ́ náà á wò ó, á ní kí wá ni tèyí?

Ìyá tó bí mi pẹ́ láyé. Ìyá Ọlọ́ṣẹ náà sì ń rí ìyá rẹ̀ nílé fún ọ̀pọ̀ ọdún sí i, ó ń wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń pè é lórúkọ.

Nígbà tí àjọ̀dún kejì kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n tún ní kí n tẹ ìwé ètò. Mo jókòó ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan náà, inú yàrá ìkàwé tuntun ni wọ́n ti gbé e sí báyìí, fèrèsé ṣí, ìmọ́lẹ̀ kún gbogbo rẹ̀. Mo dé ibi àlọ́, mo dá ọwọ́ dúró, mo ronú. Ọ̀gá ilé-ìwé kà á lẹ́yìn èjìká mi, kò sọ pé àṣìṣe wà níbẹ̀. Ọ̀gá ìpolówó buwọ́ lù ú. Ohun tí mo fi ìka méjì tẹ̀ síbẹ̀ ni: "Àlọ́, láti ẹnu Ìyá Ọlọ́ṣẹ: nígbà tí adìyẹ bá wọ̀."